Ọwọ́ Ọ̀tún Tó Jẹ́ Ti Ìjọba

Ẹjọ́ kan já wọ ààfin wa lánàá, ó sì le débi pé Loretta pa ẹ̀rọ bíà lọ́sàn-án gangan. Ẹni tó bá mọ ìlú Alder Lake á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kúrò ní kékeré nìyẹn. A kò lọ́ba níbí, Loretta la ní. Ó ti ṣe olórí ìgbìmọ̀ ìlú rí, ó ti fi ipò náà sílẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n oyè kò bá ipò lọ, ara rẹ̀ ló lẹ̀ mọ́. Ilé ọtí rẹ̀ tó wà létí adágún ni ààfin, àga gíga tó wà lẹ́yìn káńtà ni ìtẹ́. Ìjà tó bá bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ibẹ̀ náà la ti ń parí rẹ̀, òfin ibẹ̀ kò sì pọ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fẹnu kan ọtí títí ìdájọ́ á fi jáde, àfi Olóyè nìkan, nítorí Olóyè ti sọ pé ọ̀fun gbígbẹ kì í dájọ́ òdodo. Ó bu bùràńdì sínú ife, ó fi irin ayò pupa kan lu káńtà, ilé sì dákẹ́.

Corinne Tesch ló pẹjọ́. Òun ló ń pín lẹ́tà yí adágún ká, obìnrin tó ti lé lógójì ọdún, tí kì í pariwo. Ẹ̀wù òtútù rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì de bọ́tìnì rẹ̀ dé àgbọ̀n. Harlan Voigt, bàbá arúgbó tó pè lẹ́jọ́, kò lè wò ó lójú. Bọ́tìnì yẹn ló ń wò. Láti ìgbà tí ewé ti ń wọ́, Tọ́sidé kan kò kọjá kí Corinne má wá kọ́ ayò irin lọ́dọ̀ rẹ̀, ohun tó sì máa ń kọ́kọ́ ṣe tó bá wọlé ni pé á bọ́ ẹ̀wù náà, á sọ ọ́ sórí àga. Lánàá, kò bọ́ ọ. Ẹni tí kò bọ́ ẹ̀wù ń lọ ni, Harlan sì mọ ibi tó ń lọ: ilé ọtí tó wà lódìkejì adágún, níbi tí wọ́n ti ní kó wá máa bá àwọn ta ayò. Harlan fọwọ́ sápò bí ẹni tí kò ka nǹkan sí.

Ayò irin lọ̀rọ̀ náà dá lé. Tábìlì rẹ̀ wà lẹ́bàá ògiri, ó gùn ju ọkọ̀ ojú omi lọ, ó sì ń dán bí orí apárí. A máa ń bu àtíkè sí i lójú, a ó wá fọwọ́ ti irin roboto kó yọ̀ láti etí kan lọ sí etí kejì. Irin tó bá já sí kòtò ẹ̀gbẹ́ ti kú. Èyí tó bá dúró nítòsí etí lọ́hùn-ún gba àmì. Ṣùgbọ́n èyí tó bá dé etí pátápátá, tó yọrí síta tí kò ṣubú, ayọrí là ń pè é, òun lọ̀gá gbogbo wọn. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ìlú yìí ló rántí ayọrí tí wọ́n ti ju ọjọ́ ìgbéyàwó wọn lọ.

Ìgbìmọ̀ Olóyè jẹ́ èèyàn méjì: Ambrose, tó fi ayé rẹ̀ wa ọkọ̀ tó ń kó òjò dídì kúrò lójú títì, àti Delphine, tó ń ṣe irun fún àwọn obìnrin ìlú. Àwọn méjèèjì náà ni ẹlẹ́rìí. Ìlú kékeré ni tiwa, a kì í fi èèyàn ṣòfò.

“Corinne,” ni Loretta wí, “kí ni Harlan ṣe fún ẹ?”

“Ayò ni wọ́n kọ́ mi, Olóyè.”

“Ìyẹn dáa. Ṣé wọ́n ń torí ẹ̀kọ́ pe èèyàn lẹ́jọ́ ni?”

“Ẹ̀kọ́ irọ́ ni.”

Ambrose rẹ́rìn-ín sínú, Loretta yíjú sí i, ẹ̀rín náà sì di ikọ́.

Corinne bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹjọ́ rẹ̀. Ó ní òun kò mọ ẹnì kankan nílùú yìí nígbà tí òun kọ́kọ́ dé. Lọ́jọ́ kan tí òtútù fẹ́ gé òun níka, òun yà wọlé wá yáná, òun bá bàbá kan tó ń dá ti irin, tó ń rìn lọ sí òdìkejì tábìlì láti kó irin náà, tó tún ń tì í padà. Òun bi í pé kí ló ń ṣe. Bàbá náà ní kí òun bọ́ ẹ̀wù òun. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀.

“Oṣù àkọ́kọ́ ò ní wàhálà,” ó wí. “Ìgbà tó yá ni òfin bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Wọ́n ní ọmọ iṣẹ́ kì í fi ọwọ́ ọ̀tún ti irin lọ́dún àkọ́kọ́. Mo gbà. Wọ́n ní kí n tó ti irin, kí n máa kan abẹ́ tábìlì lẹ́ẹ̀mejì, kí n kí i kú iṣẹ́. Mò ń kí i.”

“O ń kí tábìlì?”

“Tọ̀yàyàtọ̀yàyà, Olóyè. Wọ́n ní tí òjò dídì bá ń rọ̀, ayò tí ọmọ iṣẹ́ bá jẹ ò wọlé.”

Loretta bojú wo fèrèsé. Òjò dídì ń rọ̀. Ó ti ń rọ̀ láti oṣù kọkànlá.

“Ó kù?”

“Ó ku ayọrí. Wọ́n ní ayọrí ti àgbà ni. Tí irin ọmọ iṣẹ́ bá ṣèèṣì yọrí, kó tètè lọ gbé e kúrò, kó fi lé alátakò rẹ̀ lọ́wọ́, kó sọ pé, ẹ má bínú, mi ò tíì dàgbà tó o.”

Delphine fi ìborùn rẹ̀ bo ẹnu. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Loretta fi irin lu káńtà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ní ẹni tó bá ń gbọ̀n lẹ́bàá ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná báyìí, àìsàn ló ń ṣe é, kó máa lọ sílé. Delphine tú ìborùn rẹ̀.

Sátidé tó kọjá ni òfin yìí jáde kúrò nílé. Àwọn tiwa lọ bá àwọn ará òdìkejì adágún ta ayò nílé ọtí tiwọn. Orúnkún Ambrose ń dùn ún lọ́jọ́ náà, Corinne ló bá wọn lọ dípò rẹ̀. Harlan kò lè lọ, nítorí òun àti ọ̀gá ilé ọtí ọ̀hún kò tíì parí ìjà kan tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ nígbà tí irun àwọn méjèèjì ṣì dúdú. Ayò gún régé títí ó fi ku irin kan ṣoṣo, ọwọ́ Corinne ni irin náà sì wà. Ó kan abẹ́ tábìlì lẹ́ẹ̀mejì, ó kí i kú iṣẹ́. Àwọn ará ibẹ̀ rò pé àdúrà ló ń gbà, àwọn ọkùnrin méjì ṣí fìlà. Ó fi ọwọ́ òsì ti irin. Irin náà gba ẹ̀gbẹ́ lọ, ó kọjá lára gbogbo irin ọ̀tá, ó dé etí, ó yọrí, ó dúró. A ti jẹ ayò nìyẹn. Àwọn tiwa fò sókè.

Kí wọ́n tó balẹ̀, Corinne ti rìn dé òdìkejì. Ó gbé irin rẹ̀ kúrò létí tábìlì, ó fi lé Lyle, olórí ayò wọn, lọ́wọ́, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, òun kò tíì dàgbà tó. Irin tó bá ti kúrò lórí tábìlì ti kúrò náà nìyẹn, ayò sì bọ́ sọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní Lyle jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n ní bíà jáde nímú ẹnì kan.

“Wọ́n rẹ́rìn-ín títí,” ni Corinne wí. “Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, Olóyè. Mo rò pé inú wọn ń dùn pé mo lẹ́kọ̀ọ́. Àfìgbà tí Lyle bi mí pé ta ló kọ́ mi, tó wá ṣàlàyé fún mi. Mo dé inú ọkọ̀ mi kí n tó sunkún.”

Ẹ̀rín kú lẹ́nu gbogbo wa. Harlan gbé ojú sókè kúrò lára bọ́tìnì. Ó ti gbọ́ ìtàn irin yẹn láti Sátidé, ẹnu àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló sì ti gbọ́ ọ, pẹ̀lú Lyle tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ àti bíà tó jáde nímú. Ẹnì kankan kò sọ ti ẹkún fún un. Ó dùn ún wọ egungun.

Corinne ní ohun méjì lòun fẹ́. Òun fẹ́ kí bàbá náà jẹ́wọ́ níwájú gbogbo ìlú, òun sì fẹ́ kí Olóyè gbọ́ ọ lẹ́nu òun pé Lyle ti ní kí òun wá sọ́dọ̀ àwọn. Tí òun kò bá rí ìdájọ́ òdodo, ọkọ̀ òun ṣì ń gbóná níta.

“Harlan,” ni Loretta wí, “ẹnu ẹ dà?”

Ohun tí Harlan ní lọ́kàn láti sọ yàtọ̀ sí ohun tó jáde. Nígbà tí àgbà bá ti há, ọgbọ́n àrékérekè ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu. Ó gbé àyà sókè.

“Olóyè, mi ò jiyàn pé mo ní kó máa lo ọwọ́ òsì. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni mo ń dáàbò bò. Ọwọ́ yẹn ló fi ń ju lẹ́tà sínú àpótí gbogbo wa. Ti ìjọba ni. Ṣé kí n wá máa fi ohun ìní ìjọba ta ayò nílé ọtí ni? Tó bá rọ́ ńkọ́? Owó ìfẹ̀yìntì gbogbo àgbà ìlú yìí, ọwọ́ yẹn ló ń bá wọlé.”

Ambrose mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Òun náà ń gba owó ìfẹ̀yìntì.

“Ọwọ́ ọ̀tún obìnrin yìí, ti ìjọba ni?”

“Láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, Olóyè.”

“Ìrọ̀lẹ́ lẹ ń ta ayò.”

“Ó gbọ́dọ̀ sinmi.”

“Ayọrí ńkọ́? Ìjọba ló ni ìyẹn náà?”

“Ayọrí máa ń mú kí ọkàn èèyàn sáré. Ó ṣì kéré fún irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀.”

“Bàbá Harlan,” ni Corinne wí, “mo ti lé lógójì.”

“Ohun tí mò ń sọ náà nìyẹn.”

Loretta mu bùràńdì. Ó pe Ambrose kó wá jẹ́rìí. Ambrose dìde lórí orúnkún tó ń dùn ún, ó tún jókòó, ó ní òun á jẹ́rìí láti orí àga.

“Òfin àtijọ́ ni, Olóyè. Bàbá bàbá mi ló ṣe é.”

“Èwo nínú ẹ̀?”

“Gbogbo ẹ̀.”

“Ọwọ́ wo lo fi ń ti irin?”

“Ọ̀tún.”

“Ọdún ọwọ́ òsì tìẹ ńkọ́?”

Ambrose wo ẹ̀rọ bíà tí wọ́n pa. “Ara mi ò yá lọ́dún yẹn.”

“Ṣé o ti kí tábìlì yìí rí?”

“A ti mọra tipẹ́, Olóyè. A kì í kíra wa mọ́.”

Delphine kò lè gbà á mọ́ra. Ó ní bàbá bàbá Ambrose ti kú kí tábìlì yìí tó wọ ìlú, pé ojú òun báyìí ni wọ́n ṣe bí òfin ọwọ́ òsì, Harlan jókòó sórí àga tọ̀hún, Ambrose jókòó sórí tibí.

“Ìwọ ńkọ́?” ni Loretta bi í.

“Mo ń kọjá lọ ni.”

“Ó ń kọjá lọ,” ni Ambrose wí. “Òun ló dá òfin kíkí tábìlì sílẹ̀. Ó ní Corinne níwà, ẹ jẹ́ kó máa kí nǹkan.”

“Mo dá ìyẹn sílẹ̀ kí tìẹ má baà dá wà. Tìẹ ni òjò dídì.”

“Ti Harlan ni òjò dídì.”

“Ti Harlan ni ọwọ́ òsì àti ayọrí. Tìẹ ni òjò dídì, o tiẹ̀ ní ká fi ìkùukùu kún un.”

“Mo ṣe bí bàbá bàbá ẹ ló ṣe gbogbo ẹ̀, Ambrose,” ni Loretta wí.

“Inú ẹbí náà ló ṣì wà, Olóyè.”

Loretta ní àgbà wà níbẹ̀ lorí ọmọ tuntun fi wọ́, ó wo àwọn méjèèjì títí Delphine fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa òwú lára ìborùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ní ẹ̀rí ẹnu ti sú òun. Kí Corinne lọ ti irin kan kí òun rí i.

Corinne lọ síbi tábìlì pẹ̀lú ẹ̀wù òtútù lọ́rùn. Ó mú irin, ọwọ́ rẹ̀ sì ti lọ sábẹ́ tábìlì láti kàn án kó tó rántí. Ojú tì í. Ó yọ ọwọ́ náà jáde, ó fi nu ẹ̀wù. Ó wá fi irin sọ́wọ́ òsì, ó na ìka kan gbá etí tábìlì mú bí Harlan ṣe kọ́ ọ, ó tì í. Irin náà rọra ń lọ lórí àtíkè, ó ń lọ, ó ń lọ. Harlan gbàgbé pé òun ni wọ́n ń bá ṣẹjọ́. “Ọwọ́ fẹ́lẹ́,” ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bó ṣe máa ń wí ní Tọ́sidé. Irin náà dé etí, ó yọrí díẹ̀, ó dúró.

“Ọwọ́ ìjọba ńkọ́?” ni Loretta wí.

Corinne kọjá sí igun kejì, ó fi ọwọ́ ọ̀tún ti òmíràn. Èyí náà gba ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ lọ, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí àkọ́kọ́, àwọn méjèèjì yọrí bí ọmọ méjì tó ń yọjú lójú fèrèsé.

Nínú ilé yìí, ọlọ́wọ́ ọ̀tún kì í lè gba ẹ̀gbẹ́ òsì, ọlọ́wọ́ òsì kì í lè gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. A kò tíì rí ẹni tó ní méjèèjì. Ambrose ṣí fìlà láìmọ̀.

“Mo mọ̀,” ni Harlan wí. “Kó tó di Kérésì ni mo ti mọ̀.”

Loretta gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ rọ̀, a kò sì fẹ́ràn kí ohùn Loretta rọ̀.

“Harlan, o kọ́ ọmọ yìí ní òfin mẹ́rin tí kò sí. Èwo nínú èyí tó wà ni o ò kọ́ ọ?”

Ambrose wo ilẹ̀. Delphine wo àjà. Gbogbo ẹni tó wà nílé mọ èyí tí Olóyè ń wí, àfi Corinne.

“Fírídọ̀mù,” ni Harlan wí.

“Sọ ọ́ fún un.”

Harlan sọ ọ́. Ó ní nínú ilé yìí, lọ́jọ́ tí ọmọ iṣẹ́ bá jẹ ọ̀gá rẹ̀ láyò, ẹ̀kọ́ parí. Wọ́n á gbá agogo tó wà lókè káńtà, wọ́n á fi àtíkè pa á níwájú orí, ó ti gba fírídọ̀mù nìyẹn. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tó bá wù ú ni yóò máa bá pín ayò gẹ́gẹ́ bí ẹnìkejì rẹ̀, kò sí ọ̀gá tó lè dá a dúró.

“Ṣé mo ti jẹ yín rí?” ni Corinne bi í. “Tó jẹ́ pé ó wọlé?”

“Gbogbo Tọ́sidé láti ìgbà Kérésì,” ni Harlan wí. “Òjò dídì ló ń rọ̀.”

Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó rí ojú Corinne, ó jáwọ́.

“Ṣé nítorí kí ẹ má baà pàdánù ni?” ó wí. “Nítorí ayò lásán, Bàbá Harlan?”

Ibí yìí ni ọgbọ́n àrékérekè tán lẹ́nu bàbá náà. Ó ní ta ló ń sọ ti pàdánù. Ó ní Corinne kò bá Vern nílùú, kò lè mọ̀. Tí èèyàn mẹ́rin bá ń ta ayò irin, ìwọ á dúró létí kan, ẹnìkejì rẹ á dúró létí kejì, irin tí ẹ bá tì ló ń lọ bá ara yín. Vern ló dúró lọ́hùn-ún fún un láti ìgbà èwe wọn. Vern kó lọ sí Arizona lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin, níbi tí kò sí òtútù, ó sì máa ń fi àwòrán ọsàn ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà, bí Harlan bá ti irin, òun fúnra rẹ̀ ló ń rìn lọ pàdé rẹ̀.

“Mo rí i pé ọmọ yìí á tètè mọ̀ ọ́n,” ó wí. “Ó mọ̀ ọ́n ju bó ṣe yẹ lọ. Mo sọ fún ara mi pé tó bá gba fírídọ̀mù, àwọn ọ̀dọ́ ni yóò lọ bá. Kí ló fẹ́ fi mí ṣe? Mo wá ń fa ẹ̀kọ́ náà gùn. Tọ́sidé kan, Tọ́sidé kan. Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́.”

Ó yíjú sí Corinne fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà.

“Mi ò mọ̀ pé o sunkún.”

Corinne ń wo òdìkejì tábìlì, níbi tí irin méjèèjì ti yọrí, tí kò sẹ́ni tó dúró níbẹ̀. Harlan rí i pé ọwọ́ rẹ̀ kan bọ́tìnì òkè, ṣùgbọ́n kò mọ̀ bóyá ó fẹ́ ṣí i ni tàbí ó fẹ́ dì í dáadáa.

Loretta bọ́ sílẹ̀ lórí ìtẹ́, ohun tí kì í ṣe àfi tí ìdájọ́ bá le. Ó ní kí gbogbo èèyàn dìde. Ambrose na ọwọ́ sókè pé orúnkún òun ń jókòó ṣùgbọ́n ọkàn òun ti dìde.

“Àkọ́kọ́,” ni Loretta wí, “òjò dídì kì í fagi lé ayò nílé yìí. Tó bá ń fagi lé e, kò sẹ́ni tí ì bá ti jẹ ayò rí. Corinne ti gba fírídọ̀mù láti ìgbà Kérésì.” Ó gbá agogo, ó bu àtíkè, ó fi pa obìnrin náà níwájú orí. “Ẹni tó bá wù ẹ́ ni kó o bá pín ayò. Tó bá jẹ́ Lyle, ojú ọ̀nà ṣí.”

Harlan wo bàtà ara rẹ̀.

“Ìkejì. Ẹní bá gbẹ́ kòtò ìkà, òun náà ni kó kọ́kọ́ bọ́ sínú rẹ̀ wò. Ambrose àti Delphine, ọwọ́ òsì ni ẹ ó máa lò nílé yìí títí omi dídì á fi yọ́ lójú adágún. Ayò, ife, wàrà díndín, gbogbo ẹ̀. Kí ẹ tó mu bíà, ẹ ó kọ́kọ́ kí tábìlì. Mo fẹ́ máa gbọ́ ọ láti ibí.”

“Olóyè, orúnkún mi—”

“O ò ní fi orúnkún kí i.” Ó yíjú. “Ìkẹta. Harlan Voigt ò mọ ayò irin.”

Ilé hó gùù. Ọ̀rọ̀ yìí le ju ìtanràn lọ. Orúkọ Harlan wà lára ife ẹ̀yẹ tó wà lókè káńtà, ó wà níbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

“Mo ní kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó mọ ayò kì í fi ayọrí ṣẹ̀sín. Kó lọ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ ni láti òní lọ, ọwọ́ òsì ni yóò fi kọ́ ọ, Corinne sì ni ọ̀gá rẹ̀. Kò gbọdọ̀ gba fírídọ̀mù títí dọjọ́ tó bá jẹ ọ̀gá rẹ̀ láyò, kò sì gbọdọ̀ pa Tọ́sidé kankan jẹ títí dìgbà náà.”

Ambrose ní ẹ̀bẹ̀ lòun bẹ̀ o, ìyẹn ti pọ̀ jù. Ó ní ọmọ yìí ti lọ́wọ́ méjì, Harlan kò tíì ní kan. Kò lè jẹ ẹ́ láé. Ẹ̀wọ̀n gbére nìyẹn.

“Mo gbọ́,” ni Loretta wí, ó mu èyí tó kù nínú bùràńdì rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò tètè yé Harlan. Ó ṣì ń ro ti ife ẹ̀yẹ, ó ń ro ohun tí àwọn ará òdìkejì adágún á sọ. Ìgbà tó yá ló wá ro ó síwájú, láti Tọ́sidé dé Tọ́sidé, kò sì rí òpin rẹ̀. Ó wo Loretta. Loretta ń nu ife.

“Tó bá jẹ́ pé mo fẹ́ lọ ńkọ́, Olóyè?” ni Corinne bi í. “Sọ́dọ̀ Lyle.”

“Máa lọ. Àmọ́ ọmọ iṣẹ́ á tẹ̀ lé ọ̀gá rẹ̀ ni. Wàá mú Harlan dání.”

Corinne ro bí ojú Lyle á ṣe rí. Igun ètè rẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í yí sí ẹ̀rín. Loretta ní ó ku nǹkan kan kí ìdájọ́ tó fìdí múlẹ̀. Ó ní kí Harlan lọ gbé irin kan láti etí tábìlì, kó fi lé ọ̀gá rẹ̀ lọ́wọ́, kó sì sọ ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀dá.

Harlan rìn gbogbo gígùn tábìlì náà. Ó gbé irin tí Corinne fi ọwọ́ òsì tì, ó rìn padà, ó fi lé e lọ́wọ́.

“Má bínú,” ó wí. “Mi ò tíì dàgbà tó o.”

Ambrose fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò wá. Delphine ń nu ojú rẹ̀. Àtíkè ṣì wà níwájú orí Corinne, ó di irin mú ní àyà, ó sì wo bàbá náà pẹ́ títí.

Lẹ́yìn náà ló ṣí bọ́tìnì òkè. Ó ṣí èkejì. Ó bọ́ ẹ̀wù náà, ó sọ ọ́ sórí àga, ó ní kí ẹnì kan bá òun lọ pa ọkọ̀ níta. Loretta ṣí ẹ̀rọ bíà. Ambrose fi ọwọ́ òsì gba ife, ó da ìdajì rẹ̀ sí ara rẹ̀, ó bú bàbá bàbá rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Corinne lọ dúró lódìkejì. Harlan fi ọwọ́ òsì ti irin àkọ́kọ́, kòtò. Ó ti ìkejì, kòtò. Ìkẹta kò tiẹ̀ dé ìdajì tábìlì, ó dúró síbẹ̀ bí ìbaaka. Corinne ń kó wọn, ó ń tì wọ́n padà sí i. Bó ṣe ń ṣe é fún ìgbà díẹ̀, Harlan ní apá ti ń ro òun, ṣé kí àwọn dá a dúró níbẹ̀ fún tòní.

Corinne bojú wo fèrèsé.

“Òjò dídì ń rọ̀,” ó wí. “Tí òjò dídì bá ń rọ̀, ọmọ iṣẹ́ kì í lọ sílé.”

“Kò sí òfin tó jọ bẹ́ẹ̀. Ambrose, sọ fún un.”

Ambrose fi ọwọ́ òsì nu ẹnu. “Òfin àtijọ́ ni,” ó wí. “Bàbá bàbá mi ló ṣe é.”

Harlan wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó gbè é. Ó mú irin míràn, ó na ọwọ́ sábẹ́ tábìlì, ó kàn án lẹ́ẹ̀mejì, ó sì kí i kú iṣẹ́.